Nígbà Tí A Ta Àwọn Ìràwọ̀ Wa fún Hamburg

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà. Berlin ni mo bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ara rẹ̀ kò sì gba ìjókòó láti kékeré. Ó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sáré ìje, ó lúwẹ̀ẹ́, kò sí èyí tó dá a dúró nínú gbogbo wọn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí ilé ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí pápá kan ní àdúgbò Lichtenberg, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó rí bí ìbẹ́pẹ. Láti ọjọ́ náà, kò sí eré mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Èmi, onídìrí ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Neukölln, ilé wa sì wà ní Marzahn, lókè lọ́hùn-ún nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro ibẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ mi máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ó pẹ́ kí n tó ráyè lọ wo eré náà. Nígbà tí mo lọ, n kò lóye ohun tí mo ń wò. Wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fọwọ́ mú un, wọ́n ń fi ìkúùkù lù ú sí ara wọn, ẹni tí wọ́n bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dì mọ́ ọn, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ mi ṣánlẹ̀, mo figbe ta. Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ẹ̀rín ló ń rín.

Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan, méjì gíga láàárín, méjì kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín àwọn òpó gíga kọjá, ẹgbẹ́ rẹ gba mẹ́fà. Bí o bá ṣì í ta, tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, wọ́n ṣì máa ń fún ọ ní ẹyọ kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ibẹ̀ ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí.

Bí èmi náà ṣe wá di agbábọ́ọ̀lù, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ kan ti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn gbá, àwọn tiwa kò sì pé. Kóòṣì wọn, obìnrin ará Berlin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, tó sì ti gbé Ọsirélíà rí, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá yíjú sí mi, ó bi mí ní èdè Jámánì pé ṣé mo lè sáré.

Mo ní mo lè sáré. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n mo sáré fún ilé ìwé mi ní Abẹ́òkúta nígbà èwe, ẹsẹ̀ kì í sì í gbàgbé gbogbo nǹkan. Ọmọ mi gbọ́ láti ọ̀ọ́kán, ó kígbe pé rárá, “Mama, nein!”

Mo dá a lóhùn ní Yorùbá pé, “Kí ló dé? Ṣé mò ń dójú tì ọ́ ni?”

Wọ́n yá mi ní bàtà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n dúró lẹ́yìn, kí n sì máa dínà mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀. Ìyẹn kò ṣòro fún ẹni tó ti nìkan tọ́ ọmọ ní ìlú òtútù yìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀kan lára wọn. Ọ̀sán Sátidé, mo máa ń fi ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, màá sì gbé báàgì mi. Gbogbo wọn ń pè mí ní Mama, àti ọmọ Jámánì, àti ọmọ Ọsirélíà, títí kan kóòṣì tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ìràwọ̀ méjì la ní nínú ẹgbẹ́ náà. Ọmọ mi ni ọ̀kan. Ìkejì jẹ́ obìnrin Ọsirélíà kan tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó ga, ó sì lágbára. Bí ìyẹn bá fò sókè gba bọ́ọ̀lù, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan kúrò lórí àjà. Eré sísá ni ti ọmọ mi. Bó bá ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá wa níhìn-ín, kí ẹ tó mọ̀, ó ti dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ohun kan náà ni gbogbo àwa tó kù máa ń ṣe bí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ wa. A ó wá ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí i. A sì ń borí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ń kú lọ. Àwọn ọmọ Ọsirélíà tó bá wá sí Berlin kì í pẹ́. Ìwé ìgbélùú wọn á parí, tàbí kí òtútù lé wọn padà sílé. Àwọn ọmọ Jámánì tó bá wá dán an wò, wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kejì, a ò ní rí wọn mọ́. Bí èèyàn ṣe ń dín kù ni owó tí à ń dá ń dín kù, àwọn tó ni pápá sì fi kún owó wọn. Nígbà tí òtútù fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kóòṣì kó wa jọ, ó sọ fún wa láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, a ò ní rí pápá lò bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni alága ẹgbẹ́ Hamburg wá bá wa. Eré ni wọ́n wá bá wa gbá, a sì nà wọ́n dáadáa. Lẹ́yìn eré, obìnrin náà kò bínú rárá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó mú kọfí lọ́wọ́, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní oníléeṣẹ́ kan nílùú àwọn ń ti àwọn lẹ́yìn, pé ife-ẹ̀yẹ ni àwọn ń lé, èèyàn méjì péré ló sì kù kí àwọn tó rí i gbà. Ó ní, “Ẹ fún wa ní àwọn méjèèjì yìí. Àwa yóò san owó pápá yín fún gbogbo sáà tó ń bọ̀.”

Ablöse ni àwọn Jámánì ń pe irú owó bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra agbábọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti máa ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn nípa àwọn ọkùnrin tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. N kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é fún irú àwa yìí, tí a ń fọ aṣọ eré wa nílé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mi la ti ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Àga kò tó, nítorí náà àwọn kan jókòó sábẹ́ àwọn ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun, wọ́n ki orí bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó dé akoto. Kóòṣì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ní ká gba owó náà. Àwọn kan ní kí ni a ó fi pápá ṣe bí kò bá sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Káfíńtà wa ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Nílùú mi, a ní ẹgbẹ́ kan tí bàbá mi fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí owó wọn tán, wọ́n ta àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Wọ́n rí owó náà gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ìwòran kò wá mọ́, torí kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá wò. Àgùntàn ló ń jẹko ní pápá yẹn báyìí.”

Mo ní, “Ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta orí rẹ̀, kí ló fẹ́ fi fìlà ṣe?” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàárín wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, obìnrin kan tó ń wa tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro. Ó yọ orí kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, “Mi ò mọ̀ bóyá yóò gbà wá là. Mo fẹ́ràn gbogbo yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a na Hamburg lọ́jọ́sí, mi ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá. Mo délé, ọkọ mi bi mí pé báwo ni eré, mo ní a borí. Ó ní, ‘Ìwọ ńkọ́?’ Mo yáa wọ balùwẹ̀ lọ.”

Kò bínú sí ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọni lára. Káfíńtà wa wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi, tí kò tíì lanu láti ìgbà tí a ti dé, sọ ní èdè Jámánì pé òun fẹ́ lọ sí Hamburg.

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà ní bó bá jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ nìyẹn, òun yóò bá a lọ, torí iṣẹ́ òun kò ní ìlú. Wọ́n dìbò. Èmi kò nawọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà lókè pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ.

Èmi àti ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn dé Marzahn. Nígbà tí a wọ ilé ìdáná, mo gbé omi kaná, mo sì kẹ́yìn sí i.

Mo ní, “Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Gar nichts, Mama.” Jámánì ló máa ń fi dá mi lóhùn bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

“Sọ ọ́ ní èdè tí mo fi bí ọ.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì. Mo ti rí Ausbildung, ibi ìkọ́ṣẹ́, ní Hamburg. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ kọ́. Wọ́n ti gbà mí. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín, torí pé àwa méjì náà la wà nílé yìí. Tí wọ́n bá wá ní kí n wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, mo rò pé ó máa rọrùn fún yín láti gbọ́.”

Mo yíjú padà. Mo rí i pé ọmọ náà ti ń bẹ̀rù láti ìgbà pípẹ́, kì í ṣe ìbẹ̀rù Hamburg, èmi ló ń bẹ̀rù láti fi sílẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe rò pé wọ́n fẹ́ ta ọmọ mi, òun ti ń wá ẹni tí yóò ra òun ní tirẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, “Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi? Ìwọ tí o kì í fọ abọ́ tí o fi jẹun?”

“Mọ́mì!”

“Hamburg kò jìnnà. Kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná, ọkọ̀ ojú irin ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìdí wo lo fi ń gbé ẹrù yẹn kiri látìgbà yìí?”

Ó dì mọ́ mi. Mo gbọ́ bí èémí ṣe jáde kúrò nínú rẹ̀, bí ẹni tó sọ garawa omi kalẹ̀ lórí. A fi omi tó hó náà po tíì, a sì jókòó mu ún. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi tí mo rò pé n kò ní lè sùn.

Àwọn méjèèjì kó lọ. Hamburg san owó pápá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, a dà bí agbo ilé tí àwọn àgbà rẹ̀ rìnrìn àjò. Bọ́ọ̀lù á dé ọwọ́ ẹnì kan, á gbójú sókè wá ẹni tí yóò fi í ránṣẹ́ sí, kò ní rí i. Onítíráàmù wa gbá bọ́ọ̀lù kan mọ́ ara mi. Èmi náà gbá ọ̀kan sẹ́yìn dípò iwájú. Eré tí a kọ́kọ́ gbá, wọ́n nà wá bí ẹni na aṣọ òkè. Ìkejì, bákan náà.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Lẹ́yìn àwọn eré tí a bá borí tẹ́lẹ̀, wọ́n á palẹ̀ mọ́ wéréwéré, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn eré tí wọ́n ti nà wá yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ lọ. Gbogbo wọn ló ní ìtàn. Èyí á ní, “Ṣé o rí bí mo ṣe gba bọ́ọ̀lù yẹn?” Tọ̀hún á ní, “Ìwọ rí bí ìyẹn ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi?” Onítíráàmù ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bọ́ọ̀lù kan tó gbé sáré, bí ẹni tó lọ ogun tó bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú àbúrò rẹ̀ wá. Àbúrò náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó ṣubú, ó tún gbá a, ó sì padà wá.

Oníbàárà mi kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìhín, rí ọgbẹ́ ní apá mi bí mo ṣe ń dirun fún un. Ó ní, “Àǹtí, ta ló na yín?”

Mo ní bọ́ọ̀lù ni. Kò gbà mí gbọ́. Mo ní kó wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé bó bá rò pé irọ́ ni. Ó wá, ṣùgbọ́n kò ráyè wò ó, a ti wọ aṣọ eré fún un. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání lọ́sẹ̀ kejì. Báyìí là ń pọ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀. Kóòṣì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé ẹ̀rù ti ba òun gidigidi, pé òun ti ń ronú ohun tí òun yóò fi ọjọ́ Sátidé òun ṣe bí ẹgbẹ́ bá tú ká. Ó ní, “Àwa ni a ń lé àwọn èèyàn lọ, Mama. A ń pè wọ́n wá wo àwọn méjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù.” Owó Hamburg ra àkókò fún wa. Àyè tí àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ ló fún àwọn yòókù níbi tí wọ́n lè dúró sí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó kàn wá láti lọ gbá ní Hamburg. A kún inú ọkọ̀ ojú irin, a ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá kan fi kó àpótí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Mo gbé ìrẹsì àti ata díndín dání fún ọmọ mi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà.

Ọmọ mi ti ń dúró dè wá ní pápá, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ Hamburg. Ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo wọn, àwọn Hamburg sì pàtẹ́wọ́. Bí fèrè ti dún, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó ń bọ̀ tààrà síbi tí mo dúró sí. Mo mọ ọmọ mi. Láti kékeré, bó bá fẹ́ sá fún mi, ọ̀tún ló máa ń yà sí. Ó yà sí ọ̀tún, mo dì í mú, a jọ ṣubú. Adarí eré fọn fèrè, ó ní ọmọ mi di bọ́ọ̀lù mọ́ra pẹ́ jù, èmi ni kí wọ́n fún.

“Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀ o!” ló ń sọ lórí koríko, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dìde.

Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù kan dé ọwọ́ mi nítòsí òpó wọn. Mo wá ẹni tí màá fi ránṣẹ́ sí, àwọn èèyàn wa sì wà káàkiri, ṣùgbọ́n onítíráàmù kígbe pé, “Mama, ta á!” Mo ta á. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó gíga kọjá. Ẹyọ kan. Àwọn tiwa fò mọ́ mi bí ẹni pé mo ti gba ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n nà wá o, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe nà wá níbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ọmọ mi mú mi lọ wo yàrá tó ń gbé. Kò tóbi, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ àgbàlá kan tí kẹ̀kẹ́ kún inú rẹ̀. Abọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ṣí fìríìjì, oúnjẹ wà níbẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ti wọ ìgbátí èékánná rẹ̀, kò sì dà bí ohun tó ń dà á láàmú. Ó ń sọ fún mi nípa ọ̀gá rẹ̀, nípa ẹ̀rọ kan tó tóbi ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, Yorùbá ló sì fi ń sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. N kò ní nǹkan kan láti bá a tún ṣe.

Káfíńtà wa sìn wá dé ibùdókọ̀. Ó bi mí bóyá títà tí wọ́n ta òun gba ẹgbẹ́ là. Mo sọ fún un pé ó gbà wá là lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí ìyẹn kó sí i lórí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò pe bàbá òun lórí fóònù, òun yóò sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ta èèyàn rẹ̀ ni àgùntàn ń jogún pápá rẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí ọkọ̀ wa kúrò. Kóòṣì jókòó síwájú mi, ó ń ka orí wa fún eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ní a ti pọ̀ ju iye tó lè wọ pápá lọ, ta ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti jókòó?

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó nawọ́, èmi náà kò sì nawọ́.